Ǹjẹ́ Ìdájọ́ Ikú Ń Dá Apànìyàn Lọ́wọ́ Kọ́?

Ìbéèrè: Kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù ikú. Ṣé kò wá hàn gbangba pé ẹni tó bá mọ̀ pé ìjọba yóò pa òun kò ní pànìyàn?

Òótọ́ ni pé gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù ikú, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fòpin sí ìdájọ́ ikú, wọn kì í sọ fún apànìyàn pé kó máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni wọ́n ń rán an lọ. Ohun tó yẹ ká wádìí ni bóyá a lè rí ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n gbére kò lè dá dúró, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù okùn yóò dá dúró. Ẹni tó bá ń fi ìdájọ́ ikú wé ìdáríjì, ìbéèrè náà kò tíì yé e.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ìwádìí kankan wà tó sọ pé ó ń dá wọn dúró?

Ó wà. Èyí tó lókìkí jù ni ti Isaac Ehrlich, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ ní ọdún 1975 pé ó ṣeé ṣe kí apànìyàn kan ṣoṣo tí ìjọba bá pa gba ẹ̀mí ènìyàn bíi méje tàbí mẹ́jọ là. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá tọ́ka sí i níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n rí i pé bí a bá yọ àwọn ọdún mélòó kan tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ kúrò, ìyẹn àwọn ọdún tó ṣáájú 1970, ẹ̀rí náà pòórá. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, iye àwọn ọ̀daràn tí ìjọba ń pa ní Amẹ́ríkà ń dín kù títí kò fi ku ẹnì kan, ìpànìyàn sì ń pọ̀ sí i. Àmọ́ kì í ṣe ìpànìyàn nìkan ló ń pọ̀ sí i; jíjí ọkọ̀ náà ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí wọ́n ń torí ọkọ̀ jíjí yẹgi fún.

Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan lábẹ́ National Research Council, àjọ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, yẹ àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wò, wọ́n sì kéde pé kò sí èyí tó lè sọ fún wa bóyá ìdájọ́ ikú ń dín ìpànìyàn kù, bóyá ó ń fi kún un, tàbí bóyá kò ṣe nǹkan kan sí i. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn olùwádìí náà kò ka ipa tí àwọn ìjìyà mìíràn ń kó sí, wọn kò sì mọ ohun tí ẹni tó fẹ́ pànìyàn ń rò nípa ewu tó wà níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí a bá wá fi ìlú kan wé òmíràn ńkọ́?

Hong Kong pa ọ̀daràn kẹ́yìn ní ọdún 1966, nígbà tí Singapore ń yẹgi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ọdún 1990. Síbẹ̀, bí ìpànìyàn ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Kánádà fòpin sí ìdájọ́ ikú fún ìpànìyàn ní ọdún 1976, ìpànìyàn ibẹ̀ sì dín kù ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Èmi kò ní sọ pé òfin tuntun náà ló dín in kù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àjálù tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù pé yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń ba ọ̀daràn lẹ́rù?

Láti ọdún 1764 ni Cesare Beccaria, onímọ̀ nípa òfin àti ìjìyà, ti kọ ọ́ ní Ítálì pé ìjìyà tó dájú, bí kò tilẹ̀ le, ń dẹ́rù bani ju ìjìyà líle tí ènìyàn retí pé òun lè bọ́ nínú rẹ̀. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òfin ibẹ̀ sọ pé ikú ni fún ẹni tó bá jí ẹrù tó tó 40 ṣílè nínú ilé onílé. Àwọn aráàlú tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ kò fẹ́ kí ènìyàn kú nítorí ẹrù, nítorí náà, léraléra ni wọ́n ń díye lé ẹrù náà ní 39 ṣílè, kódà nígbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òfin ṣe le tó ló jẹ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tó pànìyàn nínú ìbínú tàbí nínú ọtí kò jókòó ṣírò ìjìyà. Ẹni tó sì jókòó ṣírò rẹ̀ gbà pé ọwọ́ kò ní tẹ òun, kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ àṣìṣe: ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nǹkan bí ìdajì àwọn ìpànìyàn ni ọlọ́pàá kò rí ẹnikẹ́ni mú lé lórí.

Ìbéèrè: Nígbà tí kò sí ẹ̀rí tó dájú, ṣé kò sàn ká fi òfin náà sílẹ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́?

Bí kò bá ní ná wa ní nǹkan kan, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1973, àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì dá láre lẹ́yìn náà, ti ju 190 lọ. Orí ló kó àwọn wọ̀nyẹn yọ, nítorí pé wọ́n ṣì wà láàyè nígbà tí òtítọ́ jáde. Ẹni tó bá sọ pé ká máa bá a lọ ní títa tẹ́tẹ́ yìí ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí náà kò sì tíì dé.