Ètò ìlú tó lè fara da àjálù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìlú tó lè fara da àjálù ni ìlú tí wọ́n to ilé, ọ̀nà, ọjà àti omi ẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ìjì, iná tàbí ọ̀dá bá dé, nǹkan ò ní dojú rú tán, ibi tó bá bàjẹ́ á ṣeé tún ṣe, àwọn ará ìlú á sì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe pé àjálù ò ní wá o, kò síjọba tó lè ṣèlérí ìyẹn. Lọ́dún 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń rọ àwọn ìjọba ìlú pé kí wọ́n máa múra sílẹ̀ ṣáájú, nígbà tó sì di oṣù kẹta 2015 àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní ìlú Sendai, ní Japan, lórí ìlànà tí wọ́n máa tẹ̀ lé títí di 2030.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, omi ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn èèyàn tí wọ́n bá ti dárúkọ àjálù, torí ohun tójú Ìbàdàn ti rí. Odò Ògùnpa kún àkúnya lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, èèyàn tó lé ní 100 ló bá ti 2011 yẹn lọ. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014, kí wọ́n fi tún ojú odò àti afárá ṣe, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí wọ́n á máa fi kìlọ̀ fáráàlú kómi tó dé.

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀ díẹ̀, àgbàrá ló ń dààmú wọn níbẹ̀ ju odò lọ. Láti ìgbà tí LAUTECH, ìyẹn yunifásítì tó wà nílùú náà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1990 ni ilé ti ń gba ilẹ̀ oko lọ, bí i ti àdúgbò Under G àti Adénikẹ, họ́sítẹ́ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lọ́tùn-ún lósì, ilé ló sì máa ń ṣáájú ọ̀nà, ọ̀nà á wá ṣáájú gọ́tà. Omi tó ń rì sínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń já bọ́ látorí páànù sórí sìmẹ́ǹtì, kò ríbi wọlẹ̀, ó di àgbàrá tó ń la ilẹ̀ pupa, títí fáńdéṣọ̀n ilé ẹlòmíì á fi hàn síta.

Gọ́tà tó wà gan-an ní wàhálà tiẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù á fi síláàbù bò ó kí kọ́sítọ́mà lè ríbi kọjá, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á kó sábẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i títí òjò á fi dé. Tí wọ́n bá sì tún kó o, etí gọ́tà náà ni wọ́n máa da ẹrẹ̀ ọ̀hún sí, òjò kan péré á sì tún gbá a padà síbi tí wọ́n ti kó o. Iṣẹ́ àṣedànù ni, àfi tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ tó máa kó o lọ lọ́jọ́ náà.

Òfin ètò ìlú Nàìjíríà ti 1992 ní kí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ kálukú ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ètò ìlú, kẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé sì kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Àmọ́ níṣe ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé tó wà lójú omi lẹ́yìn tí onílé bá ti kan páànù tán, ó sì ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Àwọn àgbà agboolé mọ ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀, ó dáa kí àwọn tó fẹ́ ya ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì kọ́kọ́ bi wọ́n.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Odò Ọbà ni omi ẹ̀rọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń wá, àmọ́ kànga àti bọ́ọ̀hóòlù lọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Òkúta líle ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, omi ò sí níbòmíì ju inú ilẹ̀ tó ti rọ̀ lórí òkúta náà àti ibi tó ti sán, ìdí nìyẹn tí kànga tí ò jìn fi máa ń gbẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá pẹ́, tí bọ́ọ̀hóòlù kan á sì lómi, tí ti aládùúgbò ẹ̀ á kàn máa tú eruku. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ ló dáa jù. Kànga tó sún mọ́ sọkawè tàbí ṣalángá léwu, pàápàá nígbà òjò, torí ìdọ̀tí lè gba abẹ́ ilẹ̀ débẹ̀, kọ́lẹ́rà sì lè tẹ̀ lé e. Ilé tó bá ní kànga, táǹkì òjò àti omi ẹ̀rọ pọ̀ ò ní há tí ọ̀kan bá dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ìjì máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá, ó sì máa ń ṣí páànù. Igi máńgòrò tó pọ̀ nílùú máa ń gba atẹ́gùn dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó lè wó lulé. Ní ti iná ọjà, ààyè tí ọkọ̀ panápaná máa gbà wọlé lọ̀rọ̀ wà, àwọn tó ń pàtẹ sójú ọ̀nà ló sì máa ń dí i.

Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, máa ń sọ bí òjò ọdún náà ṣe máa rí, NIHSA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò àti omi, náà á sọ àwọn ibi tí omíyalé lè ti ṣẹlẹ̀. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáráàlú, àwọn ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tó bá sì gbọ́ ọ lásìkò á ti dáwó kó gọ́tà àdúgbò wọn kí oṣù kẹrin tó wọlé.