Labrador tàbí German Shepherd: èwo ló yẹ ilé tó ní ọmọ kékeré?

Ìbéèrè: Ọmọ méjì ló wà nílé wa, ọ̀kan ọdún 3, èkejì ọdún 7. Àwọn kan ní ká ra Labrador, àwọn kan ní German Shepherd. Ajá ńlá ni méjèèjì, wọ́n sì gbọ́n. Kí ló wá fi wọ́n yàtọ̀?

Iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá wọn ṣe ni. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Newfoundland ní Kánádà ni ìran Labrador ti ṣẹ̀. Wọ́n jọ ń wọ omi, wọ́n jọ ń fa àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n di ajá ọdẹ. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ, ajá á lọ fi ẹnu gbé e wá láì dá ọgbẹ́ sí i lára. Ẹnu yẹn ṣì rọ̀ títí dòní. Mo ti rí èyí tó gbé bàtà ọmọdé kiri ilé láti ọ̀sán di alẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ sílẹ̀, itọ́ nìkan ló wà lára rẹ̀.

Ajá darandaran ni German Shepherd ní tirẹ̀. Lọ́dún 1899, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ra ajá kan níbi ìpàtẹ ajá ní Karlsruhe, ní Jámánì, ó sọ ọ́ ní Horand, ajá yẹn sì ni àkọ́kọ́ nínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ìran wọn sí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yí agbo àgùntàn po, kí ìkankan má ṣáko, kí wọ́n sì máa fura sí ohun tó bá ń bọ̀ lókèèrè.

Ìbéèrè: Báwo nìyẹn ṣe kan ọmọ ọdún 3?

Ó kàn án gan-an. Bí ọmọ bá ń sáré tó ń pariwo, eré ni Labrador á pè é. Á tẹ̀ lé e, á sì lè fi kílò 30 ara rẹ̀ gbé e ṣubú. German Shepherd á fẹ́ dá a dúró ni: á yí i po, nígbà míì á fi eyín kan gìgísẹ̀ rẹ̀ bíi ti àgùntàn. Kì í ṣe ìkà rárá, àmọ́ ẹ̀rù á ba ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ ọdún 3 sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú ajá kankan, bó ti wù kó tutù tó. Bí ajá bá gan, tó yí ojú kúrò, tó ń lá ètè, tí funfun ojú rẹ̀ sì yọ, ó ti sú u nìyẹn. Ẹ tètè gbé ọmọ kúrò.

Ìbéèrè: Àlejò kì í wọ́n nílé wa ńkọ́?

Labrador á lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. German Shepherd á na etí, á dúró wámúwámú láàárín àlejò àti ọmọ. Ẹ má lù ú nítorí ìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá máa ń mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ibo ló ti lo ìgbà yẹn.

Ìbéèrè: Àìsàn wọn ńkọ́?

Egungun ìbàdí máa ń yọ méjèèjì lẹ́nu, torí náà ẹ béèrè àwòrán X-ray ìbàdí òbí rẹ̀. Ọ̀kánjúwà oúnjẹ ni ti Labrador. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge rí i pé bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin wọn ni àbùdá tó ń jẹ́ POMC kò pé lára rẹ̀, ebi kì í sì í fi í lọ́rùn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ máa wọn oúnjẹ rẹ̀, kódà bó bá ń fi ojú bẹ̀ yín. Ní ti irun, méjèèjì á re é sí gbogbo ilé.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?

Labrador ni mo máa mú lọ sílé yín, bí ẹnìkan bá wà tó máa mú un rìn lójoojúmọ́. Ká ní àbúrò ti pé ọdún 10, tí ẹ sì ráyè kọ́ ajá lẹ́kọ̀ọ́, ǹ bá ní German Shepherd, nítorí bó ṣe ń fara mọ́ olówó rẹ̀ máa ń wú mi lórí.

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ lọ wo ìyá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ń sá pamọ́, tàbí tó ń bú mọ́ yín láìdákẹ́, ẹ má ra ọmọ rẹ̀.