Orts: àjẹkù tí wọ́n ń gbé lé òṣùwọ̀n

Ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò lálẹ́, tí a gbé sínú fíríìjì ká lè gbé e kaná láàárọ̀, leftovers ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ṣùgbọ́n eegun tí wọ́n ti họ ẹran ara rẹ̀ tán, tàbí èérún búrẹ́dì tí kò sẹ́ni tó máa tọ́ ọ wò mọ́, orts nìyẹn. Àjẹkù pọ́ńbélé ni.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Shakespeare, òǹkọ̀wé eré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í sẹ́nu Troilus nínú eré rẹ̀ Troilus and Cressida, nígbà tí Troilus fojú ara rẹ̀ rí Cressida, olólùfẹ́ rẹ̀, lọ́dọ̀ Diomedes. Troilus ní orts ìfẹ́ Cressida ló kù tí Diomedes ń kó. Èébú gidi ni, ẹ má jẹ́ kí ewì tàn yín jẹ.

Lónìí, o lè bá àwọn Òyìnbó gbé fún ọdún mẹ́wàá kó o má gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àwọn tó ń fọwọ́ kóṣẹ́ sára aṣọ ń fi pe àgékù òwú tí wọ́n ń kó sínú ìgò. Àwọn tó ń ṣe àdììtú ọ̀rọ̀ (crossword) sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà náà fẹ́ràn ort, nítorí lẹ́tà mẹ́ta péré ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù ni ọgbà màlúù oníwàrà. Wọ́n á wọn oúnjẹ kí wọ́n tó dà á síbùjẹ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbá àjẹkù jọ, wọ́n á wọn òun náà. Bí wọ́n bá gbé kílò 50 fún màlúù tó sì ku 2, kílò 48 ló jẹ. Àmọ́ kò tán síbẹ̀. Màlúù gbọ́n ju bí a ti rò lọ: á fi imú tú oúnjẹ náà, á ṣa àgbàdo lílọ̀ jẹ, á ti pòròpórò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ohun tó kù kì í rí bí ohun tí wọ́n gbé fún un. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń bu díẹ̀ nínú orts lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ èròjà tó wọnú ẹran náà ní ti gidi.

Bí ibùjẹ bá sì mọ́ féfé láàárọ̀, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í yọ̀. Ó ṣeé ṣe kébi ṣì máa pa àwọn màlúù, wàrà á sì dínkù.