Dọ́là 800 fún wákàtí kan: kí ló wà nínú igbó Bwindi?

Bwindi jẹ́ igbó kìjikìji orí òkè ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà, létí ààlà Kóńgò. Ẹni tó bá gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ láti wo ìnàkí (gorílà), ẹ̀rín ni yóò fi rín tàbí kó pòṣé. Ìbéèrè tí wọ́n sábà ń bi mí nìyí.

Ṣé òótọ́ ni iye yẹn?

Òótọ́ ni. Láti oṣù Keje ọdún 2024, dọ́là 800 ni àlejò tó ti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà wá ń san fún ìwé àṣẹ. Owó ọkọ̀, ilé ìtura àti oúnjẹ ò sí nínú rẹ̀ o. Ẹ má sì sọ pé ẹ óò sá lọ sí Rùwáńdà nítorí owó: dọ́là 1,500 ni tiwọn.

Kí ló dé tó jẹ́ wákàtí kan péré?

Nítorí ikọ́ wa ni. Ara ìnàkí jọ ti èèyàn débi pé ọ̀fìnkìn tí yóò kàn mú wa sín fún ọjọ́ méjì lè gbẹ̀mí tiwọn. Ìnàkí orí òkè tó kù láyé kò sì ju ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ.

Ní 1996, kúrúnà bo àwọn kan ní Bwindi. Irun ń re lára wọn, ọmọ ìnàkí kan sì kú. Gladys Kalema-Zikusoka, dókítà ẹranko, ló tọ́jú àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n fura sí ni akísà tí àwọn àgbẹ̀ gbé kọ́ sóko láti fi lé ẹranko: àwọn ìnàkí jáde wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan akísà. Ẹ ò rí i pé kò dìgbà téèyàn bá yìnbọn kó tó pa wọ́n.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èèyàn 8 péré ló ń lọ sọ́dọ̀ agbo kan lójúmọ́, tàwọn ti ìbòmú, tí wọ́n á sì jìnnà sí wọn tó mítà 10. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ò gbọdọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó jókòó sílé ìtura rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí wọn nínú igbó tó dí bẹ́ẹ̀?

Ibi tí wọ́n sùn ni wọ́n fi ń mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìnàkí ń tẹ ewé àti ẹ̀ka pọ̀ ṣe ibùsùn tuntun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn atọpasẹ̀ á ti forí lé ibi tí wọ́n fi wọ́n sí lánàá. Wọ́n á ka ibùsùn, wọ́n á yẹ ìgbẹ́ tó wà nínú wọn wò, wọ́n á wá máa tọ pòpórò tí wọ́n jẹ kù lọ. Rédíò ni wọ́n fi ń pe àwọn àlejò tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìrìn náà lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè gba ọjọ́ kan gbáko. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ, ẹ sì háyà ọmọ àdúgbò tí yóò bá yín gbé báàgì. Ẹ má ṣahun sí ìyẹn: ọwọ́ rẹ̀ lẹ óò dì mú nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn ìnàkí kì í pa àlejò?

Ojú èèyàn ti mọ́ wọn lára. Ó tó ọdún méjì sí mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà fi ń lọ jókòó nítòsí agbo kan lójoojúmọ́, tí wọ́n ń hùn bí àwọn náà ti ń hùn, kí àlejò tó lè débẹ̀. Síbẹ̀, baba agbo, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun, lè pa kuuru mọ́ yín. Ẹ má sá. Ẹ lóṣòó, ẹ wolẹ̀.

Ta ló ń jẹ owó náà?

Ìjọba ló ń mú èyí tó pọ̀ jù. Dọ́là 10 lórí ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí igbó ká, èyí tó kéré lójú tèmi. Ti àwọn Batwa, ẹ̀yà tó ń gbé inú igbó tẹ́lẹ̀, ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Inú igbó yìí ni wọ́n ti ń ṣọdẹ kí ìjọba tó sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ ní 1991, tí wọ́n sì lé wọn jáde. Ní báyìí, àlejò ń sanwó kí àwọn Batwa lè fi bí àwọn ṣe ń gbé nígbà yẹn hàn wọ́n.

Ṣé Nàìjíríà ò ní ìnàkí ni?

Ó ní, lórí àwọn òkè Ìpínlẹ̀ Cross River, àmọ́ irú mìíràn ni. Tibẹ̀ àti ti Kamẹrúùnù lápapọ̀ kò ju bí 300 lọ. Ọdẹ ti dààmú wọn débi pé wọn kì í jẹ́ kí èèyàn rí wọn. Kámẹ́rà tí wọ́n dẹ sílẹ̀ ní òkè Mbe ló ya wọ́n tọmọtọmọ ní 2020. Ẹ má retí kí wọ́n mú wọn mọ́ èèyàn bíi ti Bwindi, torí ìnàkí tí kò bá sá fún àlejò kò ní sá fún ọdẹ náà.