Igi Tó Wó Sínú Odò Murray

Ẹni tó bá bi mí níbi tóun yóò ti rí ẹja Murray cod ní Ọsirélíà, ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún un: kó wá igi tó ti wó sínú omi. Ihò igi ni ilé ẹja yìí. Ibẹ̀ ló ti ń lúgọ de oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni abo máa ń yé ẹyin sí, tí á sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ ló ń jókòó tì í, á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin lára títí yóò fi pa.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti ìpẹja rẹ̀ pa láti oṣù Kẹsàn-án títí dé ìparí oṣù Kọkànlá ní ìpínlẹ̀ New South Wales àti Victoria, àfi nínú adágún díẹ̀. Ìgbà yẹn ni omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́hùn-ún. Bí ìwọ̀ yín bá fa bàbá kúrò nídìí ẹyin, kí ẹ tó ya fọ́tò tán, àwọn ẹja mìíràn á ti jẹ ẹyin náà yó. Ní oṣù tó kù, èyí tó gùn láti sẹ̀ǹtímítà 55 sí 75 nìkan lẹ lè gbé relé. Ó máa ń dun ẹni tó fa ẹja onímítà kan jáde! Ẹ dá a padà jàre, ìyá ńlá ló ń yé ẹyin rẹpẹtẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rẹ ọwọ́, ẹ gbé ikùn rẹ̀ lé e, ẹ má fi ẹnu so ó rọ̀ bí ẹran alápatà.

Ní ti sísìn ín nílé, ẹ rò ó dáadáa. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń tà kò ju ìka lọ, ojú rẹ̀ á dà bí ti ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo da ọ̀kan pọ̀ mọ́ ẹja mẹ́fà mìíràn. Oṣù mẹ́ta kò pé tó fi ku òun nìkan. Ta ni n ó bá wí? Ẹni tó ti sin àrọ̀ rí yẹ kó mọ̀. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì wọ̀n ju kílò 110 lọ. Gíláàsì wo ló fẹ́ gbà á?

Rainbowfish, ẹja kékeré ti odò Murray, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò fẹ́ràn àdáwà. Kò gùn ju ọwọ́ lọ, ara rẹ̀ gba òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ pọn omi sílẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó ra ẹja. Májèlé ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja nínú omi; àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń pa oró rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀. Bí ó bá sì sú yín, ẹ má lọ dà á sódò, àìsàn lè bá a wọbẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń hú igi kúrò nínú Murray kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè kọjá. Lónìí, owó ni wọ́n ń ná láti kó igi padà síbẹ̀, nísàlẹ̀ ìdídò (dáàmù) Hume. Ẹ ò rí ayé?

Ibi igi bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ya fídíò, àmọ́ kì í ṣe lásìkò ẹyin. Mo máa ń so kámẹ́rà mọ́ òkúta, màá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, fún wákàtí kan gbáko, ẹrẹ̀ àti èèpo igi nìkan ló wà nínú fídíò náà. Àfi bí èèpo igi ṣe là, tó tún pa dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja ni. Ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀.