Ta Ló Ni Ọjọ́? Ìtàn Ìwé Ọjọ́ Rere Ilẹ̀ Ṣáínà

Ní Hong Kong, bí ọdún tuntun wọn bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé pupa kan á gba orí àtẹ kan. Ó ki pọ́pọ́, òwú pupa sì wà ní igun rẹ̀ tí wọn yóò fi gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri. Tung Shing ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Tung Shu, ìwé tó kárí ohun gbogbo, ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè Kántónì, bí wọ́n ṣe ń pe "ìwé" náà ni wọ́n ṣe ń pe "pípàdánù". Ta ló máa fowó ara rẹ̀ ra ìpàdánù wọlé lọ́jọ́ ọdún? Wọ́n bá yí ìdí orúkọ náà sí "shing", ìṣẹ́gun. Ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún ní kékeré pé a kì í pe ejò ní ejò lálẹ́, pé okùn là ń pè é, kò ní béèrè pé kí ló dé.

Ṣí ìwé náà, wàá rí i pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Wọ́n kọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe lọ́jọ́ yẹn síbẹ̀, wọ́n kọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀ tì í: ìgbéyàwó, ìsìnkú, fífi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù, gbígbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbi tó wà, ìwẹ̀. Àwòrán màlúù kan àti ọmọ tó ń dà á wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ a máa wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, bóyá ó wọ bàtà tàbí kò wọ̀ ọ́, kí ó lè mọ bí òjò ọdún náà yóò ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣà mẹ̀kúnnù ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ọba ló ni ín. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọba tó wá dé orí àtẹ ni mo fẹ́ sọ.

Egungun ló ṣáájú ìwé. Ní Anyang, ní ẹkùn Henan, ní nǹkan bí 3,200 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọba Shang kì í dáwọ́ lé ogun, ìrìn àjò tàbí ọdẹ láìkọ́kọ́ wádìí. Awo ọba á mú egungun èjìká màlúù tàbí ìgbá àyà ahun, á gbẹ́ kòtò wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, á wá ki ohun gbígbóná bọ kòtò náà. Iwájú egungun á là: pọ́ọ̀! Ìlà kan á gùn gbọọrọ, ẹ̀ka kan á yọ lára rẹ̀. Ìlà àti ẹ̀ka yìí ni wọ́n fi ń kọ "bu", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún wíwo ohun tó ń bọ̀ títí dòní, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ìró egungun tó ń là ló di orúkọ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fín ìbéèrè sára egungun, nígbà mìíràn wọ́n á fín ohun tó padà ṣẹlẹ̀ tì í.

Ọba Wu Ding ní ìyàwó kan tó ń jẹ́ Fu Hao, obìnrin tó ń kó ọmọ ogun lẹ́yìn lọ sójú ìjà. Nígbà tó lóyún, wọ́n béèrè bóyá ìbí náà yóò dára. Ọba wo egungun, ó ní bó bá bí i lọ́jọ́ ding, ó dára. Bó bá jẹ́ ọjọ́ geng, ire ńlá ni. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, Fu Hao bímọ lọ́jọ́ jiayin. Ohun tí wọ́n fín síbẹ̀ ni pé kò dára, obìnrin ni. Ọmọ yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ sí. Kò tíì mọ ọmú mu, wọ́n ti fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àṣìṣe.

Ẹ wo àwọn orúkọ ọjọ́ yẹn dáadáa. Orúkọ 10 ń yí lọ, orúkọ 12 náà ń yí lọ, wọ́n sì ń so wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń padà pàdé níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkà yẹn kan náà ló wà nínú Tung Shing tó wà lórí àtẹ lónìí.

Egungun wọ̀nyí wọ ilẹ̀ lọ, ayé gbàgbé wọn. Àgbẹ̀ tó bá hú u jáde á tà á fún àwọn oníṣègùn, wọ́n á ní egungun drágónì ni, wọ́n á lọ̀ ọ́, aláìsàn á mu ún. Ọdún 1899 ni Wang Yirong, ìjòyè kan ní Beijing tó mọ ìkọ̀wé àtijọ́ dunjú, kíyè sí i pé ohun tó wà lára wọn kì í ṣe họ̀họ̀ lásán. Mélòó nínú ìbéèrè ọba ló ti gba ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn lọ kó tó dìgbà náà!

Láàrin egungun ọba àti ìwé ọlọ́jà, akọ̀wé ìjọba kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Xi. Wọ́n sin ín ní ọdún 217 ṣáájú ìbí Kristi, ní Shuihudi ní ẹkùn Hubei, lábẹ́ ìjọba Qin. Nígbà tí wọ́n hú sàréè rẹ̀ ní 1975, wọ́n bá pẹlẹbẹ ọparun tó lé ní 1,100 lára òkú rẹ̀, tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ìwé òfin ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ òfin ló ń ṣe. Àmọ́ ìwé ọjọ́ méjì wà láàrin wọn. Wọ́n fún àwọn ọjọ́ ní orúkọ 12 tó ń tẹ̀ lé ara wọn: ọjọ́ ìdásílẹ̀, ọjọ́ ìmúkúrò, ọjọ́ kíkún, lọ dé ọjọ́ fífọ́, ọjọ́ ewu, ọjọ́ ṣíṣí àti ọjọ́ títì. Orúkọ 12 yìí náà kò tíì kúrò nínú Tung Shing. Ìwé Xi tún sọ bí a ṣe ń lé iwin kan tó máa ń ṣe àwọn tó bá gba ibùdó rẹ̀ kọjá ní jàǹbá: kí ẹni tó ń kọjá ṣù ìgbẹ́ ajá róbótó, kí ó mú un dání, bí ó bá ti rí iwin náà kí ó sọ ọ́ lù ú. Ọ̀gá onífáìlì tó ń fi òfin dájọ́ lọ́sàn-án ló mú èyí wọ sàréè.

Kò yani lẹ́nu. Nígbà tí ọba Qin pàṣẹ ní ọdún 213 ṣáájú ìbí Kristi pé kí wọ́n dáná sun ìwé, ó yọ ìwé ìṣègùn, ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìwé awo sílẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ará Ṣáínà ló gbà á gbọ́ o. Wang Chong, tí wọ́n bí ní ọdún 27 lẹ́yìn ìbí Kristi, fi ìwé ọjọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ débi tí èèyàn á fi rẹ́rìn-ín. Ìwé kan wà láyé rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tó yẹ kí a fọ irun: fọ irun lọ́jọ́ zi, wọ́n á fẹ́ràn rẹ, fọ ọ́ lọ́jọ́ mao, irun rẹ á funfun. Wang Chong ní ó dáa, ẹ mú arẹwà ọmọge ọdún 15, kí ó fọ irun lọ́jọ́ mao, ṣé á hu ewú? Ẹ mú obìnrin tí ìbúrẹ́wà rẹ̀ ti di òwe nílùú, kí ó fọ tirẹ̀ lọ́jọ́ zi, ṣé ọkọ á tìtorí rẹ̀ jà? Ó tún bi wọ́n pé, orí ló ga jù lára èèyàn, èé ṣe tí rírán aṣọ fi ní ọjọ́ èèwọ̀ tí ṣíṣe fìlà kò ní? Wọn ò dá a lóhùn. Ìwé ọjọ́ ń tà lọ ní tirẹ̀.

Ìgbà tí ìtẹ̀wé dé ni ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ààfin. Bí ayé ṣe rí ní Ṣáínà, ọ̀run ló gbé ilẹ̀ lé ọba lọ́wọ́, òun nìkan ló sì láṣẹ láti kéde oṣù àti ọjọ́ fún aráyé. Ilẹ̀ tó bá gba ìwé ọjọ́ ọba ti gbà pé òun wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Kòríà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní 835, gómìnà kan, Feng Su, kọ̀wé sí ọba Tang pé ní Sichuan àti Huainan, wọ́n ti ń fi pákó tẹ ìwé ọjọ́, ti ọba kò tíì jáde tí tiwọn ti kún ọjà. Ọba fòfin dè é. Òfin náà kò mú wọn. Ìwé ọjọ́ ọdún 877 kan àti àjákù ti 882 tí ilé ìtẹ̀wé ará Chengdu kan ṣe ṣì wà ní London, láàrin ohun tí awalẹ̀pìtàn Aurel Stein kó kúrò nínú ihò àpáta Dunhuang ní Ṣáínà.

Ìtàn kan ti ìgbà náà wà tí mo fẹ́ràn jù. Rògbòdìyàn ti lé ọba wọ Sichuan, ìwé ọjọ́ ààfin kò dé ìsàlẹ̀ odò Yangtze mọ́. Ọlọ́jà méjì ń ta tiwọn, ni wọ́n bá rí i pé òpin oṣù nínú ìwé tẹni àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí tẹni kejì. Ìjà dé, wọ́n wọ́ ara wọn dé iwájú aláṣẹ. Aláṣẹ wò wọ́n, ó ní ṣebí iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe, kí ni ọjọ́ kan tàbí ààbọ̀ ọjọ́ já mọ́? Ó lé wọn jáde. Ohun tí ọba ìṣáájú ìbá torí rẹ̀ pààyàn ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó.

Àwọn ọba Ming gbìyànjú láti gba agbára náà padà. Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ọjọ́ wọn: ẹni tó bá ṣe ayédèrú, wọ́n á bẹ́ ẹ lórí; ẹni tó bá mú un wá, 50 liang fàdákà, ìwọ̀n àwọn ará Ṣáínà, ni ẹ̀bùn rẹ̀.

Àmọ́ kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti gbóná tó ti Adam Schall, àlùfáà Jámánì kan nínú ẹgbẹ́ Jẹ́súìtì. Ìwàásù ló bá lọ, ìmọ̀ ìràwọ̀ ló fi wọ ààfin. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1644, tí àwọn Manchu, tó dá ìjọba Qing sílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Beijing, òkùnkùn bo oòrùn ní àsìkò tí Schall sọ; ti àwọn awòràwọ̀ yòókù kò bọ́ sí i. Wọ́n fi í jẹ olórí ilé iṣẹ́ ìràwọ̀. Báyìí ni àlùfáà Kátólíìkì ṣe di ọ̀gá àwọn tó ń sọ ọjọ́ ìgbéyàwó fún gbogbo Ṣáínà, tí àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pariwo pé ìbọ̀rìṣà ló ń bá wọn tẹ̀ jáde.

Ní 1664, Yang Guangxian, ọmọ Ṣáínà kan tó kórìíra àwọn àlùfáà náà, fẹ̀sùn kàn án. Ọmọ jòjòló ọba kan kú ní 1658, ilé iṣẹ́ Schall ló dá ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Yang ní ọjọ́ burúkú ni wọ́n dá, òun ló pa ìyá ọmọ náà, òun ló sì pa ọba fúnra rẹ̀ ní 1661. Schall ti lé ní 70 ọdún, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀; Ferdinand Verbiest, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ń gbẹnu sọ fún un. Wọ́n dájọ́ pé kí wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí á fi kú. Ní oṣù Kẹrin 1665, ilẹ̀ Beijing mì tìtì. Ẹ̀rù ba ààfin, wọ́n ní ọ̀run ń bínú, wọ́n tú u sílẹ̀. Ọmọ Ṣáínà márùn-ún tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ́ wọn lórí. Schall kú lórí ibùsùn ní 1666. Ní 1668, wọ́n ní kí Verbiest àti àwọn ti Yang sọ bí òjìji ọ̀pá yóò ṣe gùn tó lọ́sàn-án gangan. Verbiest gbà á, ilé iṣẹ́ náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1669.

Ààfin Qing tún gbé ìwé ńlá kan jáde ní 1741, ìpín 36, láti yanjú ibi tí àwọn ìwé ọjọ́ ti ń takora. Lẹ́yìn náà ni ọba pàápàá tán. Ìjọba tuntun mú kàlẹ́ńdà òyìnbó wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1912, ní 1928 wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn tó ń wo iṣẹ́ lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Lẹ́yìn 1949, ìjọba Kọ́múníìsì kà á sí ìgbàgbọ́ asán. Hong Kong àti Taiwan ni iṣẹ́ náà ti rí ibi forí pamọ́ sí. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ bi òrìṣà léèrè ṣì ń lọ sí tẹ́ńpìlì Wong Tai Sin, tó ti wà láti 1921, á mi agolo ọparun tí igi 100 wà nínú rẹ̀ títí ọ̀kan á fi yọ jábọ́. Àwọn mìíràn ń da igi méjì tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tó pẹrẹsẹ lápá kan, tó yọ ikùn lápá kejì. Ọ̀kan dojú dé, ọ̀kan ṣí i, "bẹ́ẹ̀ ni" nìyẹn. Ẹni tó mọ obì dídà kò nílò àlàyé mi.

Ìdílé Choi Park Lai, tó kú ní 2018, wà lára àwọn tó ń ṣírò ọjọ́ fún àwọn ìwé pupa Hong Kong. Ìwẹ̀ ṣì wà nínú ohun tí wọ́n ń dá ọjọ́ fún. Bó bá sì di ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, ọ̀pọ̀ wọn kò ní fọ irun, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe "irun" náà ni wọ́n ṣe ń pe "kí owó pọ̀ sí i".