Ẹ Fún Ahun Lómi, Ẹ Já Abẹ́rẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Bọ̀dá Yẹn

Ọkùnrin kan gbé ahun wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú báàgì Ghana-must-go. Okùn ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fi dírílì lu etí igbá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n wá so ó mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá. Ojú rẹ̀ wú débi pé kò lè là á, ikun ń hó nímú rẹ̀, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti hunjọ bí àpò tí wọ́n tú ohun inú rẹ̀ dànù. Ọkùnrin náà ní, "Dókítà, oúnjẹ ni kò fẹ́ jẹ. Ẹ bá mi gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi máa jẹun." Mo bi í pé ìgbà wo ló mu omi gbẹ̀yìn. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi bóyá ahun rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Omi kẹ̀? Ṣé ahun ń mu omi ni?"

Ìkẹta nìyẹn láàárín oṣù kan, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ahun ń mu omi. Ó ń mu ún dáadáa. Kò kàn ní ohùn tí yóò fi bèèrè ni. Ewúrẹ́ tí òǹgbẹ ń gbẹ yóò ké títí ará àdúgbò yóò fi wá bá yín jà. Ahun yóò wọ inú igbá rẹ̀ lọ, ẹ̀yin yóò sì máa sọ fún àlejò pé ó ń sinmi. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nítorí pé ikú rẹ̀ náà ń rìn bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn. Nínú àlọ́, Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo ló ń rẹ́ gbogbo ayé jẹ. Ní ilé ìwòsàn mi, òun ni gbogbo ayé ń rẹ́ jẹ.

Bí mo bá sọ báyìí, wọ́n á ní ahun kì í tètè kú, Alágbà ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn, ahun ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ààfin ní ó ti pé ọdún 344. Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò gbà, èmi náà wà nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò ní torí ọjọ́ orí ahun bá ààfin jà. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ààfin ló gbé! Jonathan, ahun ńlá erékùṣù St Helena tí wọ́n ní wọ́n pa lẹ́yin ní nǹkan bí ọdún 1832, ojú rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Èyí tí ẹ so mọ́ ìdí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ta ló ń fi ọwọ́ bọ́ ọ?

Ó dáa. Ahun tó ti gbẹ, bàsíà ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, irú èyí tí ẹ lè fi wẹ ọmọ tuntun. Kí omi náà má kọjá ibi tí igbá ẹ̀yìn ti pàdé igbá àyà, kí orí rẹ̀ wà lókè omi láìjẹ́ pé ó ń nà á. Ẹ gbé e sínú rẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí omi bá ti ń tutù, ẹ fi gbígbóná díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ gbé ahun kúrò ná kí ẹ tó dà á. Ẹ dúró tì í. Ahun tí kò lágbára lè rì sínú omi tí kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ kìíní ó lè má ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ óò rí i tó ki imú bọ omi tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, ìdùnnú yẹn kò tíì sú mi.

Yóò tọ̀ sínú omi náà. Ẹ má yára dà á nù, ẹ wò ó ná. Ohun funfun kan yóò wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, inú mi dùn. Bó bá rí ṣákaṣàka bí iyanrìn, kíndìnrín rẹ̀ ti ń jìyà, ẹ gbé e wá. Bàsíà yẹn kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná láéláé, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí kòkòrò salmonella tí ahun ń gbé kiri lè dá ọmọdé dùbúlẹ̀.

Títí yóò fi tọ̀ dáadáa, ẹ má ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kíndìnrín tó ti gbẹ kò lè ru ẹrù yẹn. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ojú lásán kì í mọ̀ bóyá ahun rù.

Oúnjẹ ńkọ́? Koríko àti ewé, ẹ ti mọ ìyẹn. Ahun ńlá tó ti ìhà Sàhẹ́lì létí aṣálẹ̀ wá, koríko ni yóò máa jẹ púpọ̀. Kékeré inú igbó tiwa, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́ bí ilẹ̀kùn níhà ẹ̀yìn, a máa jẹ olú, ekòló àti èso tó já bọ́. Ẹ jọ̀wọ́, búrẹ́dì àti ìrẹsì kò sí nínú méjèèjì. Oòrùn àárọ̀ pẹ̀lú, kí ibòji sì wà nítòsí. Oòrùn tó gba inú gíláàsì wọlé kì í ṣe oòrùn fún egungun rẹ̀.

Igbá yẹn, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. Wọ́n ní ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò gba àlejò. Òwe dára, ṣùgbọ́n egungun ni ohun tí ẹ ń pè nílé yẹn. Ìhà rẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ra tó di igbá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, bí ẹ bá fi ìka kàn án, ó mọ̀. Ẹni tó fi dírílì lu ú, ìhà alààyè ló lu láìfún un ní oògùn apàmọ̀lára. Ìdọ̀tí yóò gba ihò yẹn wọnú egungun. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó sá lọ, ẹ mọ ògiri kúkúrú yí i ká. Búlọ́ọ̀kù kò wọ́n tó owó tí ẹ óò san fún mi.

Màmá àgbà kan ní kí n má wo ti òun sàn, pé àìsàn tó yẹ kó bá àwọn ọmọ òun ni ahun náà ń gbà sára. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, òtútù àyà ni. Orí táìsì lẹ mú un sùn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé." Ahun kò lè wúkọ́, kò ní iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí àwa fi ń wúkọ́, ohun tó bá kó sí i láyà, ibẹ̀ náà ni yóò jókòó sí. Màmá gbà. Ìgbàgbọ́ kò le fún mi tó bẹ́ẹ̀, mo lè bá àgbà sọ̀rọ̀.

Àwọn tí mi ò lè bá sọ̀rọ̀ ni àwọn bọ̀dá tó ń gbé síríńjì kiri àdúgbò, tí oògùn kan ṣoṣo wọn wà fún ewúrẹ́, fún ajá, fún ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ivermectin ni oògùn náà, ti aràn ni. Ó dára fún ewúrẹ́. Nínú ahun, ó máa ń wọ inú ọpọlọ, yóò sì sọ gbogbo iṣan di jọ́gọ́jọ́gọ́, títí kan èyí tó fi ń mí. Kò sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀. Oògùn aràn mìíràn wà tí a lè fún ahun, àwa tó kọ́ ọ la mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ra ahun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì, kí wọ́n má bàa sè é. Ó gbé e wá, mo kọ́ ọ ní ti bàsíà. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é kó tó lọ ilé ìwé. Ó ní ìwé kan tó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, ó ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀sẹ̀ tó bá sanra. Ahun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá a bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ pe bọ̀dá kan wá fún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́, bọ̀dá ní òun yóò kúkú fún ahun náà ní ti aràn.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, orí rẹ̀ kò lè padà wọlé mọ́. Ọmọ náà gbé e wá nínú bàsíà yẹn gan-an. Mo fún un lómi sára, mo jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, mo ràn án lọ́wọ́ láti mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi jìjàkadì. Ọmọ náà ń wá lẹ́yìn ilé ìwé, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí bàbá rẹ̀ wá gbé òkú ahun náà, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Bọ̀dá ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí i pé ó ku ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé òun lè wá fún ahun ní abẹ́rẹ́ kejì ní ọjọ́ Sátidé.